Oògùn Tí Dókítà Ń Kọ fún Sísanra Jù: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ àti Ibi Tí Ewu Wọn Ti Ń Wá

Bí àwọn ènìyàn ṣe ń dárúkọ "abẹ́rẹ́ ìsanra" lóde òní, ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé oògùn kan ṣoṣo ni. Wọ́n pọ̀, wọn ò sì jọra. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ nínú ìfun, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ rárá. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ. Àwọn tí òkìkí wọn kàn jù lónìí jẹ́ àfarawé họ́mọ̀nù tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe nígbà tí a bá jẹun. Ibi tí oògùn kọ̀ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́ ni ewu rẹ̀ náà ti ń wá. Ìdí nìyẹn tí "èwo ló lágbára jù?" fi yẹ kó jẹ́ ìbéèrè ìkẹyìn. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ni pé àìsàn wo ló ti wà lára ẹni tó fẹ́ lò ó, oògùn wo ló sì ti ń lò tẹ́lẹ̀.

Ta ló yẹ kó lò ó?

Ìṣirò tí wọ́n ń pè ní BMI ni àwọn dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú gíga yín ní mítà, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, kí ẹ wá fi iye tó jáde pín ìwọ̀n ara yín ní kílò. Ká ní ẹnì kan ga ní mítà 1.70, ó sì wọn kílò 92. 1.70 lọ́nà 1.70 jẹ́ 2.89. Bí a bá fi 2.89 pín 92, a ó rí 31.8. Láti 30 sókè ni wọ́n ń pè ní ìsanra àsanjù, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ oògùn ti lè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wà láàárín 27 sí 30 náà lè lò ó bí ó bá ní àìsàn tí ìsanra ń dá sílẹ̀ tàbí tó ń mú le sí i, irú bí ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ irú kejì, ọ̀rá tó pọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀, tàbí kí èémí máa dúró lójú oorun.

BMI kò mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣan àti ọ̀rá, nítorí náà dókítà tó mọṣẹ́ yóò wọn ìbàdí yín pẹ̀lú. Ẹni tó kàn fẹ́ ju kílò márùn-ún sílẹ̀ kí aṣọ lè bá a mu kọ́ ni wọ́n dán oògùn wọ̀nyí wò lára rẹ̀. Ewu rẹ̀ kò dín kù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, àǹfààní rẹ̀ ló dín kù.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ń fò dá: oògùn mìíràn tí ènìyàn ń lò lè jẹ́ ohun tó ń mú un sanra. Prednisolone wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni olanzapine, valproate, mirtazapine àti insulin. Ẹṣẹ́ thyroid tó wà lọ́rùn náà lè dẹwọ́ kí ara sì máa wúwo. Ó yẹ kí wọ́n yẹ gbogbo èyí wò kí wọ́n tó kọ oògùn ìsanra sílẹ̀. Bí ẹ bá rí oògùn yín nínú àwọn tí mo dárúkọ yìí, ẹ má dá a dúró fúnra yín o. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá òmíràn wà tó lè rọ́pò rẹ̀.

Orlistat, èyí tí kì í kúrò nínú ìfun

Ọ̀rá inú oúnjẹ kò lè wọ ara àfi kí ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ lipase kọ́kọ́ gé e sí wẹ́wẹ́. Orlistat ń de lipase mọ́lẹ̀, tí nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ọ̀rá tí a jẹ yóò fi gba ìfun kọjá lọ láìwọ ara. 120 mg ni, ìgbà mẹ́ta lójúmọ́, pẹ̀lú oúnjẹ tàbí kí wákàtí kan tó kọjá lẹ́yìn oúnjẹ. Bí ẹ kò bá jẹun, tàbí tí oúnjẹ náà kò ní ọ̀rá, ẹ fo ìlò yẹn, nítorí kò sí iṣẹ́ kankan tó máa ṣe.

Ọ̀rá tí ara kò gbà gbọ́dọ̀ gba ibì kan jáde. Ìgbẹ́ yóò lọ́ràá, ìsó lè jáde pẹ̀lú epo, ìgbẹ́ sì lè gbọ̀nà lójijì tí ènìyàn kò fi ní ráyè dúró. Bí ọ̀rá oúnjẹ bá ṣe pọ̀ tó ni èyí ṣe máa ń pọ̀ tó. Ẹni tó bá ń rí i lójoojúmọ́ kó padà wo ohun tó ń jẹ kó tó bú oògùn.

Fítámìnì A, D, E àti K máa ń bá ọ̀rá rìn, wọ́n sì ń bá a jáde. Nítorí náà ẹ lo fítámìnì àpapọ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn, kí ó fi ó kéré tán wákàtí méjì jìnnà sí orlistat. Fítámìnì K yìí ló ń kó ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, sínú ìṣòro: bí K bá ti ń dín kù, agbára warfarin ń pọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa dà láìdúró. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣe àyẹ̀wò dídì ẹ̀jẹ̀ léraléra. Levothyroxine, oògùn ẹṣẹ́ thyroid, gbọ́dọ̀ fi wákàtí mẹ́rin jìnnà sí orlistat. Ciclosporin, tí àwọn tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀yà ara fún máa ń lò, gbọ́dọ̀ fi wákàtí mẹ́ta tẹ̀ lé e. Kò wọ́pọ̀ kó ṣe ẹ̀dọ̀ níbi, ṣùgbọ́n bí ara bá ń yún yín, tí ojú pọ́n bí ìyeyè, tí ìtọ̀ sì dúdú, ẹ dá a dúró kí ẹ sì lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà.

Àwọn tó ń bá ọpọlọ ṣiṣẹ́

Phentermine ti wà láti 1959. Ìbátan amphetamine ni: ó ń pa ebi nípa títa ọpọlọ jí, kò sì lè ta ọpọlọ jí kó má ta ọkàn jí pẹ̀lú. Ọkàn yóò máa yára lù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè gòkè, oorun lè dá. Òwúrọ̀ ni wọ́n ń lò ó, fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ péré. Kì í ṣe fún ẹni tó ní àrùn ọkàn, ẹni tí ẹṣẹ́ thyroid rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jù, ẹni tí ìfúnpá ojú rẹ̀ ga, aboyún, tàbí ẹni tó lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí wọ́n ń pè ní MAOI láàárín ọjọ́ 14 sẹ́yìn.

Wọ́n tún máa ń da phentermine pọ̀ mọ́ topiramate, tí í ṣe oògùn warapa. Lọ́dún 2012 tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àdàpọ̀ yìí, ọdún náà ni àjọ oògùn ilẹ̀ Yúróòpù kọ̀ ọ́. Topiramate lè mú kí a bí ọmọ pẹ̀lú ètè tàbí àjà ẹnu tó là. Nítorí náà obìnrin tó lè lóyún gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò oyún kó tó bẹ̀rẹ̀, kó sì máa ṣe é lóṣooṣù. Ìka lè máa ta bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì lè máa sọ nù lẹ́nu ènìyàn. Wọn kì í já èyí tó lágbára jù nínú rẹ̀ lójijì, nítorí gìrì lè tẹ̀ lé e: ọjọ́ kan lílò, ọjọ́ kan àìlò, fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan, kí a tó fi í sílẹ̀ pátápátá.

Àdàpọ̀ kejì ni naltrexone àti bupropion, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2014. Hóró kọ̀ọ̀kan ní 8 mg naltrexone àti 90 mg bupropion. Ọ̀sẹ̀ kìíní, hóró kan láàárọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, méjì láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin, méjì méjì. Bupropion lè fa gìrì, àṣìṣe mẹ́ta ló sì sábà máa ń fà á: kí a kánjú gorí ìwọ̀n, kí a jẹ hóró náà lẹ́nu dípò kí a gbé e mì, tàbí kí a lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tí ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀, èyí tó máa ń mú kí oògùn náà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ní warapa, ẹni tó ń fi ebi pa ara rẹ̀ tàbí tó ń mọ̀ọ́mọ̀ bì lẹ́yìn oúnjẹ, àti ẹni tó ń gbìyànjú láti já ọtí líle lójijì kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ti naltrexone tún yàtọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí ọ̀nà fún àwọn oògùn ìrora bíi tramadol, codeine, morphine àti àwọn ẹbí wọn. Bí ẹni tó ń lo tramadol lójoojúmọ́ bá gbé e mì, ìnira ìjákúrò yóò dé bá a lójijì: òógùn, ara ríro, èébì, àìbalẹ̀ ọkàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka tramadol sí oògùn tó yẹ kí wọ́n sọ fún dókítà. Ẹ sọ ọ́. Bí ìrònú bá ń dorí kodò, tàbí tí èrò láti pa ara ẹni bá yọjú nígbà tí a ń lò ó, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí a pe dókítà.

Àwọn abẹ́rẹ́ họ́mọ̀nù

Nígbà tí oúnjẹ bá dé inú ìfun, ara máa ń tú họ́mọ̀nù kan tó ń jẹ́ GLP-1 jáde. Ó ń sọ fún ọpọlọ pé ó tó, ó ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ nínú àpò oúnjẹ, ó sì ń ran insulin, họ́mọ̀nù tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, lọ́wọ́. Èyí tí ara ń ṣe kì í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kó tó pòórá. Semaglutide ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ó máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Liraglutide ni wọ́n ń gún lójoojúmọ́. Semaglutide àti tirzepatide, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Tirzepatide ń fara wé họ́mọ̀nù kejì pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ń pè ní GIP.

Orúkọ tí wọ́n fi ń tà wọ́n ló ń da àwọn ènìyàn láàmú jù. Ozempic àti Wegovy, semaglutide ni méjèèjì: ti àtọ̀gbẹ ni ti àkọ́kọ́, ti ìsanra ni èkejì, ìwọ̀n tí èkejì ń gùn dé sì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bákan náà ni Mounjaro àti Zepbound jẹ́ tirzepatide, tí Victoza àti Saxenda sì jẹ́ liraglutide. Ẹni tí dókítà kan kọ Ozempic fún nítorí ṣúgà, tó tún lọ gba Wegovy níbòmíràn nítorí ìsanra, oògùn kan náà ló ń gún lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n ṣiṣẹ́, kò sí àní-àní. Nínú ìdánwò tí wọ́n ń pè ní STEP 1, àwọn tó lo semaglutide 2.4 mg fún ọ̀sẹ̀ 68 ju ìdá 14.9 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn sílẹ̀ ní ìpíndọ́gba; àwọn tó gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú ju 2.4 sílẹ̀. Nínú SURMOUNT-1, tirzepatide 15 mg mú ìdá 20.9 kúrò ní ọ̀sẹ̀ 72. Ìpíndọ́gba ni o: ẹnì kan lè ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, kí ẹlòmíràn má fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan kan. Ìdánwò SELECT tún wà, tó kó ènìyàn 17,604 jọ, àwọn tó ti ní àrùn ọkàn tàbí ti òpójẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò ní àtọ̀gbẹ. Semaglutide fi ìdá 20 nínú 100 dín ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú láti ọwọ́ àrùn ọkàn kù láàárín wọn. Lójú tèmi, àbájáde yìí ṣe pàtàkì ju ti kílò lọ.

Ìwọ̀n kékeré ni wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀, kí inú lè mọ́ ọn lára. Semaglutide ń bẹ̀rẹ̀ ní 0.25 mg lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lẹ́yìn náà 0.5, 1, 1.7, títí dé 2.4, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin lórí ìpele kọ̀ọ̀kan. Tirzepatide ń bẹ̀rẹ̀ ní 2.5 mg, ó sì ń fi 2.5 gòkè, kò sì gbọdọ̀ yára ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin lọ. 5, 10 tàbí 15 ni wọ́n sábà máa ń dúró sí. Liraglutide, 0.6 mg lójúmọ́, kó máa fi 0.6 gòkè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí dé 3.0. Bí ìpele kan bá ń dà yín láàmú, ẹ lè bẹ dókítà kó jẹ́ kí ẹ pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ń dáhùn dáadáa ní 1 mg kò ní ìdí láti máa sáré lọ sí 2.4.

Ìríndọ̀, èébì, ìgbẹ́ gbuuru àti àìrígbẹ́yà ló wọ́pọ̀ jù, pàápàá lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ìwọ̀n bá gòkè. Oúnjẹ ń pẹ́ nínú, nítorí náà ìwọ̀n oúnjẹ tí ẹ ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ kò ní ráyè mọ́. Ẹ máa jẹ díẹ̀díẹ̀, ẹ dúró ní kété tẹ́ ẹ bá ti yó, ẹ dín ọ̀rá kù, ẹ má sùn lé oúnjẹ lórí, ẹ sì máa mu omi láìdúró de òùngbẹ. Bí omi kò bá dúró nínú yín fún ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ìríndọ̀ lásán: kíndìnrín lè daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí gbígbẹ ara.

Ìrora méjì wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Èyí tó le, tó wà lókè ikùn, tó gba inú lọ sí ẹ̀yìn, tí kò sì lọ, lè jẹ́ pé pancreas, ẹṣẹ́ tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, ló wú. Ẹ má gún abẹ́rẹ́ mìíràn, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Èyí tó wà lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, pẹ̀lú ibà tàbí ojú pípọ́n bí ìyeyè, lè jẹ́ òkúta inú òróòro. Bí ara bá ń fọn kíákíá, oògùn ni o, oògùn kọ́ ni o, òkúta yìí máa ń wọ́pọ̀ sí i.

Alátọ̀gbẹ tó ń lo insulin, glibenclamide tàbí glimepiride gbọ́dọ̀ bá dókítà jíròrò dídín wọn kù kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ṣúgà má baà já wálẹ̀ jù. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti ba ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀ jẹ́ kó lọ ṣe àyẹ̀wò ojú, nítorí bí ṣúgà bá yára wálẹ̀, ojú náà lè burú sí i fún ìgbà díẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pàápàá lè wá pọ̀jù bí ara ṣe ń fúyẹ́: bí òòyì bá ń kọ́ yín nígbà tẹ́ ẹ bá dìde, ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ yín.

Ní ti jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ thyroid tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù: ara eku ni wọ́n ti rí i, kò tíì hàn gbangba pé ó ń ṣe ènìyàn bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó ní irú jẹjẹrẹ thyroid tí wọ́n ń pè ní medullary rí, tàbí tí ẹbí rẹ̀ ní in, àti ẹni tó ní àrùn ìdílé MEN 2, kò gbọ́dọ̀ lò wọ́n.

Kò yẹ kí aboyún lo èyíkéyìí nínú wọn. Semaglutide gbọ́dọ̀ dúró ó kéré tán oṣù méjì ṣáájú kí a tó máa wá oyún. Tirzepatide lè dín agbára hóró ìfètòsọ́mọbíbí kù, nítorí náà ẹ fi kọ́ńdọ̀mù kún un tàbí kí ẹ pààrọ̀ ọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀, àti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ìwọ̀n bá gòkè. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń ṣe ségesège nítorí ìsanra lè rí i pé ó ti padà bọ̀ sípò, oyún tí kò retí sì lè dé.

Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, ẹ sọ fún ẹni tó máa fún yín ní oògùn akunilóorun pé ẹ ń gún abẹ́rẹ́ yìí. Oúnjẹ lè ṣì wà nínú lẹ́yìn gbogbo wákàtí tẹ́ ẹ ti fi gbààwẹ̀, kó sì gba ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró lójú oorun.

Ara tó ń fọn kì í ju ọ̀rá nìkan sílẹ̀, iṣan ń bá a lọ. Àgbàlagbà ni èyí ń pa lára jù. Ẹyin, ẹja, ẹran tàbí ẹ̀wà ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ nínú àwo nígbà tí àyè kò pọ̀ nínú, kí ẹ sì máa ṣe eré ìdárayá tó ń fipá gba iṣan, bíi gbígbé nǹkan wúwo tàbí dídìde lórí àga léraléra.

mg, mL àti "unit"

Abẹ́rẹ́ oníbírò, tí ilé iṣẹ́ ti wọn oògùn sínú rẹ̀, ló ní ewu àṣìṣe tó kéré jù. Inú firíìjì ló ń gbé, ní ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius. Èyí tó bá ti dì bíi yìnyín, ẹ sọ ọ́ nù, kódà bó bá ti yọ́. Níta firíìjì tí ooru kò ju 30 lọ, Wegovy lè lo ọjọ́ 28, Zepbound ọjọ́ 21. Ikùn, itan tàbí apá òkè ni wọ́n ń gún un sí, kí ẹ máa yí ojú ibẹ̀ padà. Ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní bírò yín, kódà bí ẹ bá pààrọ̀ abẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀.

Ìgò tí ènìyàn ń fi sírínjì fà fúnra rẹ̀ ni ìjàǹbá ti ń ṣẹlẹ̀. Sírínjì insulin ni wọ́n sábà ń lò, "unit" ló sì wà lára rẹ̀: 100 unit jẹ́ 1 mL. mg ni dókítà kọ. Bí ìgò bá ní 5 mg nínú 1 mL, 0.25 mg jẹ́ 0.05 mL, ìyẹn 5 unit. Ẹni tó rí 0.25 tó sì fa 25 unit ti gún 1.25 mg, ìlọ́po márùn-ún. Bí ìgò tó tẹ̀ lé e bá wá jẹ́ 2.5 mg nínú 1 mL, 10 unit ni 0.25 mg ibẹ̀. Ní 2024, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé àwọn kan ti gún ìlọ́po márùn-ún sí ogún ìwọ̀n tó yẹ wọn. Kò sí oògùn tó ń pa agbára semaglutide, ó sì ń pẹ́ lára, nítorí náà èébì lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹ ní kí apòògùn kọ mg, mL àti unit sára ìgò kan náà, kó sì fi ìlà tó yẹ hàn yín lára sírínjì.

Ayédèrú náà wà. Ní oṣù kẹfà 2024, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kìlọ̀ nípa Ozempic ayédèrú. Inú irú bírò bẹ́ẹ̀ lè má ní oògùn kankan, ó sì lè jẹ́ insulin, tó lè já ṣúgà ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ wálẹ̀ títí yóò fi dákú.

Agbo àti tíì "ìfọnra" tó ń ṣiṣẹ́ ní kíá náà yẹ kó kọ wá lóminú. Sibutramine, tí wọ́n kó kúrò lọ́jà ní 2010 nítorí ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀, ṣì ń yọjú nínú ohun tí wọ́n kọ "ewé lásán" sí lára. Bí ẹ bá mu irú rẹ̀ tí ọkàn yín ń lù kìkì, tí ẹnu gbẹ, tí oorun kò wá, ewé nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Fenfluramine kúrò ní 1997 nítorí ó ń ba fáàfù ọkàn jẹ́, lorcaserin ní 2020 nítorí jẹjẹrẹ. Lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lo méjèèjì fún ọdún mélòó kan ni ewu wọn tó hàn, ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò kò fi gbọ́dọ̀ dúró nítorí pé ara yá.

Ìgbà tí a bá fẹ́ dá a dúró

Fún ọ̀pọ̀ oògùn wọ̀nyí, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 lórí ìwọ̀n tó kún ni wọ́n fi ń wò ó. Bí ẹni tó ń lo naltrexone pẹ̀lú bupropion kò bá tíì ju ìdá 5 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà yẹn, kí wọ́n dá a dúró, nítorí ewu rẹ̀ nìkan ló kù tó ń gbé kiri.

Ẹni tí oògùn ń ṣiṣẹ́ fún ńkọ́? Àwọn tó dá semaglutide dúró lẹ́yìn STEP 1 ti gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n jù sílẹ̀ padà láàárín ọdún kan. Ebi tí oògùn ń pa ló padà dé. Nítorí náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti bi ara yín bóyá ẹ lè máa ra á, kí ẹ sì máa lò ó fún ọdún púpọ̀.

Bí ẹ bá gbàgbé Wegovy, tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kàn ṣì ju ọjọ́ méjì lọ, ẹ gún èyí tẹ́ ẹ gbàgbé. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ fò ó. Ti Zepbound, ẹ lè gún un láàárín ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ. Ẹ má gún méjì pọ̀ láti fi dí àlàfo. Liraglutide tó bá ju ọjọ́ mẹ́ta lọ láìgún, 0.6 mg ni kí ẹ padà sí. Bí semaglutide bá sì fo ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pe dókítà kí ẹ tó gún òmíràn: inú ti gbàgbé rẹ̀, ẹni tó sì ti ṣíwọ́ fún oṣù mẹ́ta tó wá bẹ̀rẹ̀ padà lórí 2.4 mg lè bì títí wọn yóò fi fi omi sí i lára ní ilé ìwòsàn. 0.25 mg ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń padà sí.